Ìwé Tí Mo Kà fún Màmá Nídìí Obì

Ilé Màmá ní Iléṣà kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti dún, ewúrẹ́ Ìyá Bísí ti ń ké lẹ́yìnkùlé, ìgbálẹ̀ sì ti ń gbá ilẹ̀ ṣàà, ṣàà láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga. Bó bá di ọ̀sán, rédíò ilé kejì á máa sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, odó á bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ní òun ti jẹun láìjẹ iyán nínú agbo ilé wa, àwáwí ló ń ṣe. Inú ariwo yìí ni mo dàgbà sí. Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, ló tọ́ mi láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú, nítorí iṣẹ́ ìjọba ń ti Dádì kiri, lónìí Ìbàdàn, lọ́la ibòmíràn, ìyá mi sì ń tẹ̀ lé e. Ọdún tí mò ń rántí yìí ni wọ́n gbé Dádì wá sí Òṣogbo, nígbà tí ìlú náà ò tíì pẹ́ púpọ̀ tó di olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa. Ó gba yàrá méjì ní Òkè Fìà fún òun àti ìyá mi àti àbúrò mi ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Èmi wà lọ́dọ̀ Màmá, mo wà ní prámárì síìsì, mo sì gbọ́n lójú ara mi ju gbogbo olùkọ́ mi lọ.

Màmá ní oko obì lọ́nà Ìtagunmódi. Àwọn ẹlòmíràn ń wa wúrà nínú ẹrọ̀fọ̀ lágbègbè ibẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá máa ń sọ pé tòun ò sí nínú ilẹ̀, pé orí igi ni Ọlọ́run gbé e kọ́ sí. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ obì á rò pé ká ká a, ká gbé e lọ sọ́jà ni. Wọ́n á la èèpo líle tó wà lóde, wọ́n á kó ọmọ inú rẹ̀ sínú omi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé á jókòó yí ọpọ́n ká, tí a ó máa bó awọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láìgbọdọ̀ fi èékánná ha ara obì, torí ibi tí èékánná bá ha ni yóò kọ́kọ́ jẹrà. Ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́, etí ò níṣẹ́ kankan. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ àṣà nílé wa pé ẹni tó bá ń fi ẹnu dá àwọn èèyàn lára yá nídìí obì kì í bó obì. Àwọn tó kù ló máa ń bó tirẹ̀ mọ́ tiwọn. Ìyá Bísí, tó ń gbé yàrá iwájú ilé wa, ló ti jókòó sípò yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí kò sí ìròyìn tó ṣẹlẹ̀ láti Ìsọ́nà títí dé Òkè Ẹ̀ṣọ̀ tí kì í kọ́kọ́ kan etí rẹ̀. Èmi ni mo gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé kan ló sì bá mi gbà á.

Dádì ló rà á fún mi ní Alékúwodò ní Òṣogbo, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù lẹ́bàá títì. Èèpo iwájú rẹ̀ ti ya dànù, nítorí náà a ò mọ orúkọ ìwé tàbí ẹni tó kọ ọ́. Dádì rò pé òun ra ìwé tí yóò jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì mi já gaara. Gbólóhùn àkọ́kọ́ inú rẹ̀ sọ pé ní ìlú àwọn, kò sí ọmọdé tó mọ bí ohùn àgbàlagbà ṣe ń dún. Mo kà á, mo dúró, mo tún un kà. Àwọn ìwé tí a ń kà ní ilé-ìwé nígbà náà, ìjàpá ni, tàbí ọmọ dáadáa tó ń fọ eyín kó tó jẹun. Èyí jẹ́ ìtàn ìlú kan lọ́jọ́ iwájú tí odi yí ká, tí àwọn Ìgbìmọ̀ kan ń darí. Bí irun ẹnikẹ́ni bá ti ń funfun, ọkọ̀ funfun kan á wá gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní Ilé Ìfọ̀kànbalẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń dé láti ibẹ̀. Ọmọbìnrin kan, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju tèmi lọ, gbé bàbá àgbà rẹ̀ pamọ́ sórí àjà. Ọ̀nà wà tí ọmọ náà lè gbà kọjá odi lọ bá àwọn òbí rẹ̀ tó ti sá jáde tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá àgbà ò lè rìn jìnnà, ọmọ náà sì kọ̀ láti fi í sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn àgbà tó ń ṣèlú lè burú, kí ọmọdé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rìn káàkiri ilé bí ẹni tó rí òkun fún ìgbà àkọ́kọ́.

Bí mo ṣe gbé e dé ìdí obì nìyẹn. Mò ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì sínú, mo sì ń fi Yorùbá sọ ọ́ síta, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti le jù, mo máa ń sọ ọ́ bí mo ṣe rí i, yálà ó yé mi tàbí kò yé mi. Orúkọ ọmọ inú ìwé le lẹ́nu Màmá, ó ní ká máa pè é ní Ẹ́sítérì, torí Ẹ́sítérì inú Bíbélì náà wọ ààfin láìpè. Bó ṣe di Ẹ́sítérì nìyẹn títí dòní. Nígbà tí mo ka ibi tí ọkọ̀ funfun kọ́kọ́ dé, Ìyá Bísí gbé obì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìjọba ibo tiẹ̀ nìyẹn? Àbí tiwa yìí náà ni?"

"Bó bá jẹ́ tiwa," Màmá dá a lóhùn, kò gbé ojú sókè, "ọkọ̀ náà ò bá má rí epo."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí omi obì fi ta sí wọn láṣọ. Ní ọjọ́ kejì, kí ọ̀sán tó pọ́n, Màmá ti ń bi mí pé, "Ùwé rẹ dà?" Ùwé ló ń pe ìwé, ó ń pe ilé ní ulé, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni. Ìyá Bísí ń ráhùn pé òun ń bó obì méjì mọ́ tòun nítorí èmi, ṣùgbọ́n òun náà ló máa ń kọ́kọ́ gbé àpótí rẹ̀ wá.

Nílé wa, a kì í gbàdúrà òwúrọ̀ láìdárúkọ gbogbo ẹbí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú Ọlọ́run. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, alágogo ọwọ́ ni Màmá, kò sì fẹ́ràn àdúrà kúkurú. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tó ti dárúkọ Dádì àti ìyá mi àti àbúrò mi, mo gbọ́ tó ní, "Olúwa, má gbàgbé Ẹ́sítérì. Má gbàgbé bàbá àgbà rẹ̀ tó wà lórí àjà, jẹ́ kí òòrùn ibẹ̀ rọjú fún un." Mo la ojú. Mo wo Màmá, mo wo Ìyá Bísí tó ń ṣe àmín bí ẹni pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni. Lẹ́yìn àdúrà, mo fi gbogbo ọgbọ́n prámárì síìsì mi ṣàlàyé fún un.

"Màmá, ìtàn lásán ni. Kò sí Ẹ́sítérì níbì kankan. Ẹnì kan ló kàn jókòó, tó rò ó."

"Mo mọ̀," ni Màmá wí. "Ẹni tó rò ó yẹn, ṣé kò ní ìyá àgbà ni?"

Ẹ̀rù ọgbọ́n rẹ̀ bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fi hàn.

Sátidé kan láàárín ìgbà yẹn, Dádì àti ìyá mi wá. Wọ́n gbé àbúrò mi dání. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán, mà," bí mo ṣe máa ń kí ìyàwó pásítọ̀. Ìyá mi dáhùn, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó sì mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Àbúrò mi ń fa aṣọ rẹ̀, ó ń jágbe mọ́ ọn pé òun fẹ́ omi. Èmi ò jágbe mọ́ ọn rí láyé mi. Àlejò ni ìyá mi jẹ́ sí mi, àlejò tó dára, tó máa ń mú bisikíìtì wá. Màmá ń wò wá láti ibi tó jókòó sí. Dádì sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní kí Màmá àti èmi wá máa bá àwọn gbé ní Òṣogbo, pé òun ti rí ilé-ìwé fún mi níbẹ̀, pé àjà yàrá Màmá ti ń jò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ ọ́ lẹ́nu.

"Ulé mi nìyí," Màmá sọ fún un. "Ilé làbọ̀ sinmi oko. Mo ti sin bàbá rẹ sí ẹ̀yìnkùlé yẹn. Mú ọmọ rẹ lọ, kí o jẹ́ kí èmi jókòó."

Dádì yíjú sí mi. Kò tíì béèrè nǹkan kan tí mo fi ti dìde dúró, tí mo di ọwọ́ mi mọ́ra bí mo ṣe rò pé Ẹ́sítérì máa ń ṣe. Mo ní, "Èmi ò lọ. Ibi tí Màmá bá wà ni mo máa wà. Mi ò ní fi wọ́n sílẹ̀ láéláé."

Ìyá Bísí pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ gidi nìyí, ọmọ tó mọ àgbà." Inú mi dùn débi pé mi ò wo ojú ìyá mi. Màmá ní tiẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí bó ṣe máa ń yí obì sọ́tùn-ún sósì nínú ọwọ́ rẹ̀, tó ń wá ibi tí kòkòrò gbà wọlé. Dádì ní òun ò lè fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni, wọ́n sì padà lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni a ka ibi tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ́sítérì sọ fún bàbá àgbà rẹ̀ pé òun ò ní kọjá odi láéláé bí kò bá lè tẹ̀ lé òun. Mo fi ohùn gíga ka ibẹ̀, torí mo rò pé èmi ló ń sọ̀rọ̀. Bàbá àgbà kàn ní kó bá òun wá abẹ ìfárí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà jí, kò bá a lórí àjà. Ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó mọ́, ó ti ṣí ilẹ̀kùn iwájú sílẹ̀ gbayawu, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ọkọ̀ funfun. Bí àwọn aláṣẹ ṣe pé lé e lórí, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ odi. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì bínú. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló dé sí bàbá náà, pé ó gbàgbé pé wọ́n ń wá òun.

Màmá dá ọwọ́ dúró nínú omi. "Ta lo ní ó ṣílẹ̀kùn?"

"Bàbá àgbà fúnra wọn ni."

"Ọmọ náà ń kọ́?"

"Ó ń sùn, Màmá."

"Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo tún un kà. Ìyá Bísí ń pòṣé, ó ní bàbá náà ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Màmá bó obì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó mú òmíràn. A ò ka ìyókù ìwé náà dáadáa lẹ́yìn ìyẹn, torí obì tán, mo sì ti bá bàbá àgbà náà ṣọ̀tá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Màmá dé orí bàbá àgbà náà nínú àdúrà, kò tọrọ nǹkan kan fún un mọ́. Ó ní, "Olúwa, mo dúpẹ́ fún bàbá yẹn." Mo la ojú, mo ní, "Màmá, wọ́n ti mú wọn lọ, kí la wá ń dúpẹ́ fún?" Ó ní kí n pa ojú mi dé.

Ìgbà tí Dádì tún wá, ó bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti dirun, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀ tó ti fi búlúù sí, àpótí ẹrù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Dádì dúró, ó ń wò ó.

"Màmá, ṣé kò sí o?"

"Òṣogbo ló ń wù mí wò. Ṣé kò yẹ kó wù mí ni?"

"Ó yẹ, mà. Kí ló wá yí yín lọ́kàn padà?"

"Ọkàn ta ni, tèmi àbí tìrẹ? Gbé àpótí."

Ó fa oko lé ọmọ àbúrò rẹ̀ kan lọ́wọ́, ó fún Ìyá Bísí ní kọ́kọ́rọ́. Ìyá Bísí ló sunkún, kì í ṣe òun. Nínú ọkọ̀, ó di ọwọ́ mi mú títí a fi dé. Mo rò pé Dádì ló ti fi ọ̀rọ̀ dá a lágara. Mo tilẹ̀ dá Màmá lẹ́bi díẹ̀ nínú ọkàn mi. Èmi ti múra tán láti dúró, òun ni kò lè dúró.

Òkè Fìà ò bá a lára mu, bí mo ṣe ń ronú rẹ̀ báyìí. Kò sí odó nílé wa, alájọgbélé wa lókè ò fẹ́ ariwo. Ọkà ni wọ́n ń jẹ yí wa ká, ó sì máa ń sọ pé ọkà dára fún ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Kò mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò, àwọn ọmọ ń fi ulé àti ùwé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a bá bi í bóyá ibẹ̀ dára, á ní ibi tí a bá ń gbé là ń ṣe. Ṣùgbọ́n èmi, díẹ̀ díẹ̀, ìyá mi ń di ìyá mi. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń di irun fún mi láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún kejì, mo jágbe mọ́ ọn lórí bàtà kan, ó gbá mi létí, a sì jọ bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kejì. Màmá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo jágbe yẹn. Ó yẹ kó bá mi wí, àfi bó ṣe yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń fi ìborùn bo ẹnu. Ọdọọdún ni Dádì ń sọ pé ká lọ ṣe Kérésì ní Iléṣà, ọdọọdún ni Màmá ń sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹsẹ̀ yẹn kan náà ló ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láràárọ̀, tó tún ń gun òkè. A máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Kò fi ojú kan ilé rẹ̀ mọ́ títí mo fi wọ yunifásítì, ìgbà tí a ó sì fi gbé e padà síbẹ̀, inú pósí ló wà.

Ọmọbìnrin mi Tèmítọ́pẹ́ ló gbé ìwé náà wọlé ní oṣù tó kọjá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yá a, ìwé tuntun, àwòrán dídán lójú rẹ̀. Mo kàn ṣí i wò bí ìyá ṣe ń ṣe, mo sì bá gbólóhùn àkọ́kọ́ pàdé, èyí tó ní kò sí ọmọdé tó mọ bí ohùn àgbàlagbà ṣe ń dún. Mo jókòó sórí àga ilé ìdáná. Ẹ̀wà tí mo gbé kaná jóná, mi ò gbóòórùn rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí ìwé náà ṣe kéré tó. Odi tí mo rò pé ó kan ọ̀run, ìwé sọ pé kò ga ju ọkùnrin gíga kan lọ. Ọkọ̀ funfun tó ń lé mi lójú oorun, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló fara hàn. Mo wá ibi tí Ẹ́sítérì ti gbé iyán gun àjà, mo wá a títí, kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo ti fi iyán bọ́ wọn, kí ebi má bàa pa bàbá àgbà lójú Màmá. Orin tí mo rò pé Ẹ́sítérì ń kọ, Ìyá Bísí ló ń kọ ọ́ nídìí ọpọ́n. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń ka ọ̀rọ̀ àwọn òkú wa láàárín ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ̀wé.

Mo wá dé ibi ìlérí. Ọmọ náà ní òun ò ní lọ láéláé. Bàbá àgbà béèrè abẹ. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ò le rárá. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi kà lẹ́ẹ̀mejì ni, nígbà tí mo wà ní prámárì síìsì, tí mo rò pé ọjọ́ ogbó ni. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Aṣọ mọ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé ìwé náà sórí itan mi, mi ò lè ṣí òdìkejì. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí níjòkòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní rí i. Mo ti gbọ́ òwe yẹn títí ó fi sú mi, ọjọ́ yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bà mí lẹ́rù. Obìnrin tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kan, tọ́wọ́ rẹ̀ wà nínú omi obì, gbọ́ ohun tí èmi tí mò ń kà á ò gbọ́. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé èmi lọmọ tó kọ̀ láti fi ìyá àgbà rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló lé Màmá kúrò nílé rẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀ sókè nínú ilé ìdáná, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tèmítọ́pẹ́ wọlé, èéfín ẹ̀wà ló pè é. Ó rí ojú ewé tí mo ṣí.

"Mọ́mì, ibẹ̀ yẹn ń bí mi nínú. Kí ló dé tí bàbá yẹn ò kàn dúró sórí àjà?"

"Bí wọ́n bá dúró, ọmọ náà máa dúró."

"Ṣebí ó fẹ́ dúró ni. Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní fi wọ́n sílẹ̀."

Mo fà á mọ́ra. Mo ní mo mọ̀, pé bàbá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jí ṣáájú ọmọ náà.